Ìdòwú ni àbí Ayọ̀mídé? Orúkọ márùn-ún tó ń du iwájú lórí ìwé ọmọ kan

Ìgbó-Ọrà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Ìbàràpá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Orúkọ tí ẹ ó bá pàdé nísàlẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé náà gan-an. Irú wọn ni a fi rọ́pò wọn, ìṣòro tí àwọn tòótọ́ dá sílẹ̀ náà sì ni àwọn wọ̀nyí ń dá sílẹ̀. Àjàyí ni kí a fi ṣe orúkọ ìdílé wọn.

Ìyá ọmọ náà ti kọ́kọ́ bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló bí ọkùnrin. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni, ìyẹn kò gba ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n oyún yìí wà ní oṣù kẹrin nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ jáde láyé, ọmọ yìí sì ni ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí sílé lẹ́yìn ìsìnkú. Babátúndé tún nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, orúkọ méjì ti jókòó dè é.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ Olúwaṣẹ́gun, nítorí ojú wọn rí màbo lọ́jọ́ ìrọbí. Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Ayọ̀mídé láti inú oyún. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá ọkọ, fún un ní oríkì, Àjàní. Tí a bá ka ti àwọn àlejò tó sọ owó sínú àwo omi lọ́jọ́ kẹjọ mọ́ ọn, orúkọ mọ́kànlá ni ọmọ náà gbé kúrò níbi ìkómọ. Mẹ́fà ti àlejò kò dá wàhálà sílẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ ni yóò máa pè é. Márùn-ún tilé ni ẹjọ́ wà lára wọn.

Ibi ìkómọ yẹn náà ni àṣìṣe ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bí wọ́n ti ń fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare kan ọmọ lẹ́nu, àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu olúkúlùkù. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ torí òun ló dàgbà jù: Ìdòwú, Babátúndé. Bàbá ọmọ tẹ̀lé e: Olúwaṣẹ́gun. Ìyá ọmọ: Ayọ̀mídé. Ìyá àgbà wá fi oríkì kádìí ti ilé: Àjàní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fara balẹ̀, ó fi nọ́ḿbà síwájú wọn, láti 1 dé 11.

Nọ́ḿbà yẹn ló fà á. Tí àgbà bá kọ́kọ́ sọ orúkọ níbi ìkómọ, ọjọ́ orí rẹ̀ ni a bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe pé orúkọ tó sọ ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí tí yóò mọ́ ọmọ lára, ẹnu àwọn tó ń pọ̀n ọ́n ló ń yàn án, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kó tó hàn. Fọ́ọ̀mù ló sọ ìtò di ipò. Fọ́ọ̀mù NIN, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ní àyè mẹ́ta: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín. Èyí tó bá bọ́ sí àyè orúkọ àkọ́kọ́ ni tíṣà yóò máa fi pe ọmọ, òun ni ilé ìfowópamọ́ yóò fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, òun náà ni yóò wà lórí ìwé ìdánwò. Èyí tó bọ́ sí àárín lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnì kan má pè é.

Bàbá ọmọ mú ìwé àbúrò rẹ̀, ó fẹ́ kọ márààrún bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra: Idowu ní àkọ́kọ́, mẹ́rin tó kù ní àárín. Àwọn òṣìṣẹ́ NIN ní kó lọ mú ẹyọ kan fún àárín. Inú bí i, ó ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọ orúkọ méjì. Ó yẹ kó dúpẹ́. Àwọn òbí tí wọ́n bá gbà láti to orúkọ mẹ́rin pọ̀ sí àyè kan, tí a bá tún pàdé wọn lọ́jọ́ iwájú, ìwé ilé ìwé ní méjì nínú wọn, ìwé ìdánwò ní méjì mìíràn, ilé ìfowópamọ́ sì gé ìkẹta sí ìdajì.

Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i nínú ìwé ìrìnnà. Ìlà méjì wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí àwòrán wà, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń kà wọ́n. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba àmì 44. Márùn-ún àkọ́kọ́ lórí ìlà òkè jẹ́ ti irú ìwé àti ti orílẹ̀-èdè, 39 ló kù fún orúkọ, àlàfo pàápàá sì ń jẹ nínú rẹ̀. A to gbogbo orúkọ ọmọ náà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé àbúrò bàbá rẹ̀:

AJAYI<<IDOWU<BABATUNDE<OLUWASEGUN<AYOMI

Tí wọ́n bá gé e níbi tí àyè ti tán, ibẹ̀ ló parí sí. Àjàní kò ráyè wọlé, Ayọ̀mídé sì di «ayọ̀ mi». Ayọ̀ náà kò tíì dé. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó rí i, àmọ́ àtìgbà náà ni kò ti tún sọ pé kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà ní tí ó bá di ọ̀ràn méjì péré, Ìdòwú ni yóò ṣíwájú, Babátúndé yóò tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n ní àwọn yóò padà lọ gba NIN lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, torí òjò ń rọ̀, ọmọ sì kéré. Ìdádúró yẹn ló yọ wọ́n.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, «Baby Ajayi» ló ṣì wà lórí káàdì ọmọ. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ. Ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ọ̀já ni, ìyá àgbà ti dáhùn: «Ìdòwú ni o.» Nọ́ọ̀sì kọ ọ́: Idowu Ajayi. Wọ́n wọn ọmọ, wọ́n kó káàdì jọ, wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó pe «Idowu!» Obìnrin mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu: ìlú tí ìbejì bá ti pọ̀, Ìdòwú pọ̀ níbẹ̀, Àlàbá náà pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi Ajayi kún un. Ẹnì kan jókòó, méjì ṣẹ́ kù. Ọmọ kejì ń jẹ́ Ajayi Idowu. Àjàyí ni orúkọ tirẹ̀ nítorí ó dojú bolẹ̀ wáyé, Ìdòwú sì ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ìdílé ṣíwájú àti ẹni tó ń fi í kẹ́yìn ti kọ orúkọ kan náà fún ọmọ méjì.

Káàdì wọn pààrọ̀. Nọ́ọ̀sì kan náà ló rí i, kí wọ́n tó fa oògùn: káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ ti ní àmì abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ti ìkẹwàá, ọmọ tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì wọn kílò márùn-ún. Nọ́ḿbà wà lórí káàdì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń pe èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n tó wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa, àwa tí a ń gba òbí nímọ̀ràn lórí orúkọ ọmọ. Ìbéèrè tí wọ́n gbé wá ni pé, ṣé Ìdòwú kò dára ní? Ìbéèrè náà wọ́. Ìdòwú dára. Ohun tí a ní láti bi ara wa ni iṣẹ́ tí orúkọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe, àti bóyá iwájú ni iṣẹ́ náà wà. A ní kí wọ́n dán mẹ́rin nínú márùn-ún náà wò. Oríkì kò sí nínú rẹ̀. A ó dé orí ìyẹn.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ti etí àti ọwọ́. Kí wọ́n pe orúkọ náà fún èèyàn mẹ́ta tí kò sí níbi ìkómọ, kí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá láìsí àmì. IDOWU bọ́ sí ọ̀nà kan náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. BABATUNDE bẹ́ẹ̀. AYOMIDE bẹ́ẹ̀. Olúwaṣẹ́gun ló tú wọn ká: OLUWASEGUN, OLUWASHEGUN, OLUSEGUN. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀, tó ni orúkọ náà, kọ Oluwasegun sínú ìwé kan, ó kọ Olusegun sórí fóònù rẹ̀ láìmọ̀. Ṣ tí kò ní àmì ni àkọ́kọ́ nínú ohun tó ń fa èyí, Olúwa tó ń di Olú lẹ́nu ni ìkejì. Orúkọ tó ní méjèèjì nínú, tí wọ́n bá fi síwájú, a jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ yóò máa sọ fún àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ títí ayé ni.

Ìdánwò kejì: ẹ yí i po. Tí ẹ bá fi orúkọ ìdílé síwájú, tí ẹ tún fi í sẹ́yìn, ṣé àjèjì lè mọ èyí tó jẹ́ orúkọ ìdílé? Idowu Ajayi, Ajayi Idowu: kò ṣeé mọ̀. Babatunde Ajayi: kò dájú, torí Babátúndé náà ti di orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ayomide Ajayi: ẹni tó bá mọ orúkọ Yorùbá yóò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ. Àwọn tí orúkọ ìdílé wọn jẹ́ àmútọ̀runwá, bí Àjàyí, Òjó, Àìná, Dàda, ni ìdánwò yìí wúlò fún jù.

Ìkẹta ni pé kí wọ́n ka àwọn tó ti ń jẹ́ ẹ ní agbo ilé, ní àdúgbò, ní kíláàsì. Ìyá ọmọ kò nílò kíkà púpọ̀. Àwọn ìbejì rẹ̀ ń jẹ́ Taiwo àti Kehinde ní àyè àkọ́kọ́, ní jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń lọ sì rèé, Taiwo mẹ́ta ló wà. Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀kan ní «Taiwo pupa».

Ìkẹrin ni èyí tí àwọn ìwé tó ń ka orúkọ ọmọ kì í sọ: ta ló lè pè é, báwo ni yóò sì ṣe pè é? Ibí ni ọ̀rọ̀ Babátúndé ti jáde. Obìnrin ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, ọmọ tó bá sì dé ní orúkọ bàbá náà ń pín nínú ọ̀wọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, «Bàbá» ni ìyá rẹ̀ ń fi pè é tó bá fẹ́ lo orúkọ náà. Ìyá àgbà ń kí i pé «Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀.» Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ fojú inú wo tíṣà tó ń jágbe mọ́ orúkọ yẹn nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ìyá àgbà wà ní ẹnu géètì. Ọ̀pọ̀ ilé ń fi Babátúndé síwájú, wọ́n á gé e sí Túndé, ọ̀rọ̀ á parí. Ní ilé yìí, ọ̀fọ̀ ṣì tutù.

A rò pé ìyẹn nìkan ni yóò pinnu rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń dán orúkọ wò, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá ọmọ, tó ń gbé ní Èkó, pe ìyá àgbà lórí fóònù: ìyàwó òun ti bí ọkùnrin. Bàbá kan náà ló kú fún un, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó má sọ ọmọ rẹ̀ ní Babátúndé. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá fi í síwájú níbi méjèèjì, Babatunde Ajayi méjì ni yóò wà nínú ẹbí kan, ọjọ́ ìbí wọn kò sì ní ju oṣù méjì síra lọ. Tí ó bá wà ní àárín, ọmọ méjèèjì lè jẹ́ ẹ, àní mẹ́wàá lè jẹ́ ẹ. Àárín gan-an ni ilé orúkọ bàbá àgbà nígbà tí ọmọ-ọmọ bá pọ̀.

Ó wá ku Ayọ̀mídé síwájú, Babátúndé ní àárín. Ọkọ gbà. Ó ní òun yóò máa fi Ṣẹ́gun pè é nílé, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kò gbà.

«Ṣé ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì? Táíwò ń jẹ́ Táíwò nínú ìwé, Kẹ́hìndé ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Ta ni yóò wá mọ̀ pé òun ló tẹ̀lé wọn?»

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ka irú ọ̀rọ̀ báyìí sí oríkunkun àgbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mama sọ tọ̀nà: àmútọ̀runwá ìbejì àti ti ẹni tó tẹ̀lé wọn jẹ́ òkùn kan, ẹni tó gbọ́ ọ̀kan ń retí èkejì. Ìyá ọmọ sì ní ohun kan nínú tí kò lè sọ jáde níwájú mama, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé «Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì». Kò fẹ́ kí gbogbo aṣọ tí ọmọ bá ya ní ilé ìwé di ẹ̀rí orúkọ rẹ̀. Kàkà kó sọ ọ́, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi dáhùn: «Mọ̀ọ́mi, ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi abẹ́rẹ́.»

Àlàyé kankan kò yí mama lọ́kàn padà. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé a ní kí ọkọ ka orúkọ náà sókè, bí yóò ṣe wà lórí ìwé, kó kà á pẹ̀lú ohùn, kó má kà á bí ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù. Ayọ̀mídé Babátúndé. Mama ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ là á sí méjì: «Ayọ̀ mi dé. Bàbá tún dé.» Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó wá ní kí wọ́n máa lọ kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní pè é ní ohun mìíràn ju Ìdòwú lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kó pè é ní ohun mìíràn. A máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn láti ka orúkọ àkọ́kọ́ àti ti àárín papọ̀ bíi gbólóhùn kan kí wọ́n tó pinnu. Orúkọ Yorùbá, gbólóhùn ni, tí méjì bá tẹ̀ léra, ìtumọ̀ wọn á kan ara wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ bí ti ọmọ yìí. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ Adéyẹmí, tí ẹ tún fún ní Adéwálé síwájú àti Adékúnlé láàárín, Adé mẹ́ta ló rù.

Wàyí o, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹjọ́ Ìgbó-Ọrà dá ti ibòmíràn. Tó bá jẹ́ Birmingham ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ó ṣeé ṣe kí Ìdòwú jẹ́ orúkọ iwájú tó dára jù nínú márààrún. Lẹ́tà márùn-ún ni, òyìnbó lè pè é láìṣán an, kò sì dájú pé ẹlòmíràn yóò jẹ́ ẹ nínú kíláàsì. Àmútọ̀runwá ń gbilẹ̀ síwájú níbi tí ó ti ṣọ̀wọ́n. Níbi tí ó ti pọ̀, ẹnu àwọn ará ilé ló yẹ ẹ́, tàbí àárín. Àkókò náà yàtọ̀ níbẹ̀: ọjọ́ 42 ni òfin England àti Wales fún òbí láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ìwé lè béèrè orúkọ kí ẹnu ará ilé tó yan án.

Oríkì ńkọ́? Àjàní kò wọ ìwé rárá. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí a tó lanu. Oríkì jẹ́ ohun tí a fi ń pe ọmọ nígbà tí a bá fẹ́ kí orí rẹ̀ wú, tàbí tí a bá fẹ́ kó gba iṣẹ́ tí kò fẹ́ gbà. Ẹ fi síwájú lórí ìwé, kí akọ̀wé kan máa pè é lórí ìlà, yóò di orúkọ lásán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Àjàní, Àlàbí, Àkànní àti Àyìndé ti di orúkọ ìdílé lọ́pọ̀ ilé, ìdánwò kejì yóò sì tún mú wọn.

Wọ́n gba NIN ọmọ náà pẹ̀lú NIN bàbá rẹ̀: AJAYI, AYOMIDE, BABATUNDE. Ìwé ẹ̀rí ìbí náà bá a mu, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Ká ní wọ́n ti fi Idowu síwájú lórí ìwé méjèèjì kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó dé, wọn ì bá lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì tún sanwó àtúnṣe. Káàdì àjẹsára nìkan ló kù tó ní orúkọ àtijọ́. Lọ́sẹ̀ kẹwàá, nọ́ọ̀sì ṣí káàdì tuntun, ó fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kún un, ó sì fi pín-ìnnì so àtijọ́ mọ́ ọn.

Àbúrò bàbá ọmọ ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ orúkọ mẹ́ta tó wà lórí ìwé sí òkè ní lẹ́tà ńlá, ó fà ìlà sábẹ́ wọn, ó wá kọ àwọn tó kù sísàlẹ̀ láìfi nọ́ḿbà sí wọn. Gbogbo ẹni tó lè bá wọn kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan ló ya ojú ewé yẹn sórí fóònù.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án, tó kan abẹ́rẹ́ èéyi, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, ìyá àgbà ló gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì pe «Ayomide Ajayi», kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un pè. Mama ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, ó ń wá obìnrin tí kò fẹ́ dáhùn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó pariwo, «Háà! Ìdòwú wa mà ni!»